Àwo Tí Ó Kọjú Sí Ọ̀run: Ìtàn Ìbánisọ̀rọ̀ Sátẹ́láìtì láti Lánlátẹ̀ dé Ilé Oko

Ó ti di àṣà pé kí ẹni tí a bá yàn láti sọ̀rọ̀ ní ìta gbangba mú ọ̀rọ̀ tí ó kan àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, kí ó má jẹ́ èyí tí àwa olùkọ́ nìkan yóò máa gbọ́ láàárín ara wa. Ìdí nìyí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ àwo tí a ń gbé sí orí òrùlé láti fi gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run.

Àwọn kan lè máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ irin àti wáyà. Ó kàn mí púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà, àti bí ẹni tí ó gbọ́ ọ ṣe ń fèsì, iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí ìlù dùndún tàbí lórí ìwé ìròyìn kò lè sọ pé òun kò rí àwo tí ó wà lórí òrùlé.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ti ń gba orí oko wa kọjá láìyà kí wa. Ìsinsìnyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà. Ẹni tí ó ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí ó ń fò dá ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí níbẹ̀ ni ìtàn yìí ti kan ọmọlúwàbí.

1. Iṣẹ́ tí a rán àti èsì tí a retí

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Àrokò ni èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí nínú rẹ̀ ni pé kò pé bí èsì kò bá padà. Ẹni tí ó gba àrokò tí ó sì dákẹ́ ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Bákan náà ni ìlù: onílù ń pe ọba, ọba ń dáhùn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ̀ wá jábọ̀.

Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886, ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá ni ó ń lò ó. Ọ̀rọ̀ ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èsì ń bọ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń kó èkùrọ́ tí wọ́n ń dá iye rẹ̀ lé lórí wáyà náà kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní 1935 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939. Àpótí kékeré ni, ó máa ń wà lára ògiri, kò sì ní ju ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ń gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ àjèjì, n kò mọ èyí tí ó jinlẹ̀ tó orúkọ yìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kò sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe rí, kò sì sọ ẹni tí ó ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Amóhùnmáwòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 1959 kò yàtọ̀ sí i ní ọ̀nà yìí, bí ó tilẹ̀ fi àwòrán kún un. Òṣùwọ̀n tí èmi yóò fi wọn gbogbo ohun tí ó kù nínú ọ̀rọ̀ mi ni èyí: ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà ń gbèsì?

2. Ohùn láti ojú ọ̀run dé èbúté Èkó

Ní 1945, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Arthur C. Clarke kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ rédíò. Ó ní bí a bá lè gbé ẹ̀rọ kan sókè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà, tí ó wà lókè ìlà tí ó pín ayé sí méjì, yóò máa bá ayé yí lọ́gbọọgba. Ẹni tí ó bá wò ó láti ilẹ̀ yóò rò pé ojú kan ni ó dúró sí. Ẹ̀rọ mẹ́ta irú rẹ̀ yóò tó láti gbé ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbogbo ayé ká. Nígbà náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tíì gbé dé ibẹ̀. Ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá 1957 ni ìjọba Soviet tó fi Sputnik, òṣùpá àtọwọ́dá àkọ́kọ́, ránṣẹ́ sókè.

Ilẹ̀ wa tètè wọ inú ìtàn yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ibùdó kan ní ẹ̀bá Kánò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, níbi tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ní Oṣù Keje 1963 ni wọ́n gbé sátẹ́láìtì Syncom 2 lọ sókè. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹjọ 1963, tí Ààrẹ John Kennedy bá Olórí Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ láti Washington. Ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Kingsport, tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ni ó gba ohùn náà láti òkè tí ó sì fi èsì ránṣẹ́ padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí olórí ìjọba méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú ohùn nípasẹ̀ sátẹ́láìtì.

Nípa òṣùwọ̀n tí a gbé kalẹ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí yege. Ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹnì kejì fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀: ààrẹ àti olórí ìjọba. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi sọ ọ́: odidi ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọkọ̀ náà tu, ó gbé àwo rẹ̀ lọ.

3. Àwo ńlá Lánlátẹ̀

Ìbàràpá méje ni a máa ń kà: Igangan, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgbò-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ọlọ́dẹ ni, òkè olókùúta sì yí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ká. Ní Lánlátẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní kété tí ogun abẹ́lé parí. Irú àwo tí àjọ Intelsat ń béèrè fún nígbà náà fẹ̀ tó nǹkan bí 30 mítà láti etí kan dé èkejì. Ilé alájà mélòó kan lè wọ inú rẹ̀. Ohùn tí ń ti òkè bọ̀ kò lágbára, ó dàbí ìró ẹ̀fọn lẹ́yìn odi; àwo ńlá nìkan ni ó lè kó o jọ.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n gbé e wá sí Lánlátẹ̀ láti fi dá ará Ìbàràpá lọ́lá. Ohun tí ó fà á ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ibi tí ó dákẹ́, tí ó jìnnà sí ariwo rédíò ìlú ńlá. Ìdákẹ́jẹ́ oko wa ni wọ́n wá lò. Ọ̀rọ̀ tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York bọ̀ yóò balẹ̀ sí Lánlátẹ̀, yóò sì gba orí òpó dé orí òpó lọ sí Èkó. Ní Èkó ni wọn yóò ti pín in. Láti 1979 ni ilé gíga alájà méjìlélọ́gbọ̀n tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́ sí Marina ti wà, iná sì jó o ní Oṣù Kìíní 1983, débi tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ké.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwo Lánlátẹ̀. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé bí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà bá ń bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀, iwájú wa níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gbà kọjá. A gbà á gbọ́, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní agboolé tiwa, bí ẹnìkan bá kú, awakọ̀ ni a ń fi ìwé rán sí Èkó. Ó lè dé lọ́jọ́ náà, ó sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta bí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Àwọn àgbà ilé wa a máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà pé ẹni tí ń gbé ẹ̀bá odò ni òùngbẹ ń gbẹ.

N kò sọ èyí láti dẹ́bi fún àwọn tí ó kọ́ ibùdó náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Ìbàràpá mìíràn sì rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé. Mo ń sọ ọ́ kí a lè rí bí a ti ṣètò ìmọ̀ náà: ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé olú-ìlú kí ó tó lè padà sí ibi tí ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ìpadàbọ̀ yẹn ni kò wáyé. Ní 1985 ni wọ́n pa ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ìpè òkè òkun pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ láti fi dá NITEL sílẹ̀. Títí di 2001, nǹkan bí 400,000 wáyà tẹlifóònù ni ó wà fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ibẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Nígbà tí NITEL sì wọlẹ̀, àwo Lánlátẹ̀ bá a dákẹ́.

4. Fóònù alágbèéká àti sátẹ́láìtì tiwa

Oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ohun tí ó ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyálọ́jà tí kò ní wáyà nílé rí ẹ̀rọ tí ń gbèsì. Ṣùgbọ́n òpó ni fóònù yìí gbẹ́kẹ̀ lé, ibi tí oníṣòwò bá sì ti rí èrè ni ó ń ri òpó sí. Abúlé tí ilé rẹ̀ kò tó ogún kì í sábà rí i. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń gun àpáta tàbí tí wọ́n ń dúró sí ìdí igi kan pàtó kí fóònù wọn tó lè mú. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ibi bẹ́ẹ̀ ti ní orúkọ.

Ìjọba wa pẹ̀lú gbìyànjú láti ní òṣùpá tirẹ̀. NigeriaSat-1, tí ó lọ sókè ní Oṣù Kẹsàn-án 2003, wà fún wíwo ilẹ̀, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀. NigComSat-1 ni ti ìbánisọ̀rọ̀. Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti gbé e sókè ní Oṣù Karùn-ún 2007. Kò tó ọdún méjì tí agbára oòrùn tí ń bọ́ ọ fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 2008 ó kú. Àwọn ará Ṣáínà fi NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2011. Irú sátẹ́láìtì yìí ga gan-an, gẹ́gẹ́ bí Clarke ti wí, nítorí náà ìbéèrè àti ìdáhùn ń gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi í sọ̀rọ̀ rí mọ̀ bí ènìyàn méjì ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, tí wọn yóò sì dákẹ́ pọ̀, tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ilé-iṣẹ́ àti báǹkì ni ó ń lò ó jù; owó àwo àti owó oṣù rẹ̀ ga ju agbára ilé oko lọ.

5. Àwo kékeré

Láti Oṣù Karùn-ún 2019 ni ilé-iṣẹ́ SpaceX ti Amẹ́ríkà ti ń tú òṣùpá kéékèèké jáde ní ọ̀pọ̀-ọ̀pọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Starlink. Wọn kò gbé wọn lọ sí 36,000 kìlómítà. Nǹkan bí 550 kìlómítà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Nítorí pé wọ́n wà nítòsí, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nítorí ìtòsí kan náà, wọn kò lè dúró sójú kan. Wọ́n ń sáré kọjá lórí wa, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò kí ó tó wọ̀ lẹ́yìn òkè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2024 wọ́n ti lé ní 6,000. Bí èyí bá ń lọ, òmíràn ń bọ̀, àwo orí òrùlé á sì máa fi ọ̀rọ̀ lé èkejì lọ́wọ́ láìyí ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń béèrè báyìí bóyá ó tó fún òṣùpá àtọwọ́dá.

Ní Oṣù Kìíní 2023 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó tó dé orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Àwo rẹ̀ tuntun kò gùn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, kò sì fẹ̀ tó 40. Ẹ fi wé 30 mítà ti Lánlátẹ̀. Ní ààárín ìran méjì, àwo tí ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀run ti sọ̀ kalẹ̀ láti ohun tí ìjọba nìkan lè gbé ró dé ohun tí ọmọkùnrin kan lè gbé sórí ọ̀kadà.

N kò fẹ́ kí a rò pé ìwé nìkan ni mo ti kà á. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2024, àwa ọmọ abúlé bàbá mi tí a wà ní ìlú dá owó jọ, a ra irú àwo bẹ́ẹ̀, a sì gbé e lọ sílé. Abúlé náà kò sí lójú títì, ilé mọ́kàndínlógún sì ni ó wà níbẹ̀. Iná ìjọba kò dé ibẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ra pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì àti bàtìrì. Èyí kò le. Igi ni ó le. Àwo náà fẹ́ rí ojú ọ̀run gbalaja, igi odán àtayébáyé sì wà ní ojúde Baálẹ̀, ibi tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kí a gbé e sí. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a gé e. Mo tọ Baálẹ̀ lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé.

Baálẹ̀ ní, “Ọmọ mi, abẹ́ igi yìí ni wọ́n ti sọ bàbá rẹ lórúkọ. Bí ẹni tí ó wà lókè ọ̀hún bá fẹ́ rí wa, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá, òun kò lè yà. Àwa ni a ó yà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ yà nígbà náà. Ẹ má gé igi.”

A ri òpó irin gíga kan sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí igi kò sí, a sì fa wáyà láti ibẹ̀ dé ojúde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ ni ó gun òpó, àgbà ni ó mọ ibi tí ìjì máa ń gbà wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà kan bá ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu sọ̀rọ̀, ó rí ojú rẹ̀. Kò bi í nípa owó, kò bi í nípa ìlera. Ohun tí ó ń bi wá lábẹ́ ohùn ni pé, “Ṣé òun náà ń rí mi?” Nígbà tí a ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

6. Ẹni tí ó ń sanwó àti ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni àwàdà ti ń tán. Ní 2023, owó oṣù tí ilé kan ń san fún Starlink ní Nàìjíríà jẹ́ 38,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ní Oṣù Keje 2024 ni ó tó di 70,000. Ẹni tí ó bá ń gba owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù ní 2023 ì bá gbé gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀, kò ní tó san íntánẹ́ẹ̀tì oṣù kan, kí a má tíì sọ owó àwo. Àgbẹ̀ tí ń rí owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ó bá kó kásúù tàbí ẹ̀gẹ́, kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò yìí.

Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Ọlọ́rọ̀ abúlé kan yóò ra tirẹ̀ sórí òrùlé, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Lánlátẹ̀ yóò tún padà wá, ní kékeré: àwo wà ní ìlú, ọ̀rọ̀ ń fò kọjá lórí ará ìlú. Nígbà náà ìjọba ni ó ni àwo. Nísinsìnyí aládùúgbò ni yóò ni ín. N kò mọ̀ pé èkejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní abúlé wa, ilé mọ́kàndínlógún náà fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá àjọ. Ó dára fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí owó lọ sókè ní 2025, ìdáwó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ilé mẹ́rin sì dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bójú tó ẹ̀rọ fẹ́ yí pásíwọ́ọ̀dù padà kí àwọn ilé mẹ́rin náà má bàa lò ó mọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni yóò pa á. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí bí ilé mẹ́rin bá lọ, ìdáwó àwọn tí ó kù yóò tún wúwo. Àwọn àgbà ní kò sí bí a ó ti máa lo ojúde kan náà, kí ọ̀rọ̀ máa fò dá ẹnìkan. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ilé-ìwé, ìpè àìsàn àti ìpè òkú kò sì ní owó lórí. Opó kan wà nínú àwọn ilé mẹ́rin náà. Nígbà tí a sọ ìpinnu wa fún un, ó dúpẹ́, ó sì ní òun kì í jẹ ohun tí òun kò dá owó sí. Kò wá sí ojúde mọ́ lálẹ́. N kò tíì rí ìdáhùn fún un.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já ní etíkun Abidjan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó gbójú lé ọ̀run ní ọjọ́ náà ní ìdí láti yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó yọ̀ níwọ̀nba. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ní ilẹ̀ òkèèrè, ni ó ni gbogbo òṣùpá kéékèèké wọ̀nyí. Òun ni ó ń dá iye owó lé e, òun ni ó sì lè pa á. Ìrírí NigComSat kọ́ wa bí ó ti ṣòro tó láti ní tiwa. Kò kọ́ wa pé kí a má ní.

7. Kí ni a ó fi fèsì?

Mo ti ní èsì ni òṣùwọ̀n mi. Ẹ̀rọ tí ń gbèsì ti dé ilé oko. Kí ni ará oko yóò fi fèsì? Ohun tí mo rí ní ojúde wa ni pé àwọn ọmọ ń wo eré ilẹ̀ mìíràn ní èdè mìíràn. Wọ́n ń gbọ́, wọn kò sọ̀rọ̀. A lè fi ẹ̀rọ tí ó lè gbèsì ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì bí a kò bá ní ohun tí a fẹ́ wí, tàbí bí a bá rò pé èdè wa kò yẹ níbẹ̀.

Ó yẹ níbẹ̀. Láti Oṣù Kejì 2018 ni BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia Yorùbá ní àyọkà tí ó lé ní 30,000, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ kúrú. Àwa olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú ńlá ni a sì ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ orúkọ ewé mẹ́rìnlélógún tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ó mọ ìtàn bí àwọn baba rẹ̀ ṣe tẹ abúlé dó, kò tíì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Títí di ìsinsìnyí a ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn, a ń gba ohùn wọn, a sì ń gbé e wá sí yunifásítì. Ọ̀nà Lánlátẹ̀ ni àwa náà ń tọ̀: a ń gba ọ̀rọ̀ ní oko, a ń pín in ní ìlú. Mo rò pé àkókò tó tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oko bí wọn yóò ṣe gba ohùn àwọn àgbà wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ àwọn àgbà náà sí i, kí wọ́n sì gbé e jáde láti ojúde wọn fúnra wọn. Kí àwa jókòó sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, kí a máa gbọ́, kí a sì máa fèsì.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti mú yín rìn láti orí ẹyọ mẹ́fà dé orí òṣùpá 6,000. Ní 1963, olórí méjì ni ó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní Lánlátẹ̀, orílẹ̀-èdè bá ayé sọ̀rọ̀, ará Lánlátẹ̀ ń wò. Lónìí, ilé kan lè bá ayé sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwo ń kéré sí i, ọ̀rọ̀ sì ń sún mọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pín ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ènìyàn ni ó ń ṣe ìyẹn, tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe é.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ máa kà íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìwòsàn oko mọ́ ohun tí ó yẹ kí òun san, bí ó ti ń ṣe kànga. Èkejì, kí abúlé tí ó bá fẹ́ ra àwo ra á ní àpapọ̀, kí wọ́n sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kí owó tó lọ sókè, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ̀kẹta, kí àwa ní yunifásítì ṣètò ẹ̀kọ́ tí mo sọ yẹn, kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Ìbàràpá, ilẹ̀ tí ó fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe orílẹ̀-èdè lálejò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba èsì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè tàbí àtakò, èmi ń retí rẹ̀.